Ọmọ mi ò ṣubú mọ́ látìgbà iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ò dùn

Ìyá Dámi, Agúdà
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 16, ọmọ ọdún 7 ló wà tí wárápá ti bẹ̀rẹ̀, kí la ò lò tán, Tegretol, Epilim, àgbo, òkè àdúrà, kò gbọ́. Oṣù 5 rèé tá a gbé e lọ Íńdíà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún un, látìgbà yẹn kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ṣe ìdúpẹ́, a rán aṣọ, gbogbo ẹbí jó, ọmọ tá a torí ẹ̀ jó kàn jókòó ó ń wolẹ̀. Nígbà tá a délé ó ní "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń dúpẹ́ o." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Kì í sùn lóru, kò wo bọ́ọ̀lù mọ́, tí àbúrò ẹ̀ bá kàn fọwọ́ kan fóònù ẹ̀ ìjà ni. Bàbá ẹ̀ ní aláìmoore ni, pẹ̀lú gbogbo owó tá a ná. Àbí wọ́n ba nǹkan jẹ́ lórí ẹ̀ ni?

Ajagunlà
Ẹ gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀ mà. Ẹ̀mí yẹn ò lọ, aṣọ ló pààrọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà
Ajagunlà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sinmi. Ìyá Dámi, ẹ má bẹ̀rù, mo pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún, kì í ṣe ọmọ yín nìkan. Ìsoríkọ́ tàbí àìfọkànbalẹ̀ lè yọjú láàrin oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìṣubú ìbáà ti dáwọ́ dúró pátápátá. Apá ọpọlọ tí wọ́n sábà ń ṣiṣẹ́ lé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó lọ́wọ́ nínú bí inú èèyàn ṣe ń dùn àti bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, kí ara sì tó bá ohun tí wọ́n ṣe mu, ó ń gba àkókò. Oògùn wo ló ń lò báyìí? Tó bá jẹ́ Keppra ni, Keppra lè mú èèyàn máa kanra, kí ọkàn sì rẹ̀wẹ̀sì, ẹ pe dókítà tó kọ ọ́ fún un. Ẹ má já oògùn ẹ̀ fúnra yín o!! Wárápá téèyàn já oògùn ẹ̀ lójijì lè padà, kó máa gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró.

Ẹ tún bi í ní tààrà, ṣé ó máa ń ṣe é bíi pé kó kú. Bíbéèrè kọ́ ló máa fi èrò yẹn sí i lórí. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn ilé sọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, ò jìnnà sí yín. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ lọ sí ti ọmọdé tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ Yábà ní ní Òṣòdì, ẹ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "Yábà Left" dẹ́rù bà yín.

Ọmọ Lafíàjì
Ẹ kú ilé mà. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, mo ti pé 23. Nígbà tí mo ṣì ń ṣubú, gbogbo nǹkan ni mò ń dì rù ú. Mi ò lọ́rẹ̀ẹ́, ìṣubú ni. Mo féèlì máàsì, ìṣubú ni. Ìgbà tó lọ, ó wá ku èmi nìkan. Wọ́n ní kí n kọ jáǹbù, kí n kọ́ mọ́tò, kí n dà bí ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ mi ò dá wọ dánfó rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní Ọbáléńdé, kọ̀ńdọ́ so èmi àti ìyá kan pọ̀ fún ṣéńjì, a bọ́ọ́lẹ̀ ní Yábà, ìyá ń lọ, èmi dúró mò ń wò ó, mi ò mọ̀ pé èmi ni kí n tẹ̀ lé e. Mo sunkún délé. Àwọn dókítà ní orúkọ fún un, burden of normality, pé ara yíyá náà ní ẹrù tiẹ̀.

Nǹkan míì mà, ẹ má bínú. Wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́ balùwẹ̀ wa látìgbà tí mo ti wà ní kékeré, tí mo bá ń wẹ̀ màmá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pè mí, èmi á máa dáhùn. Oṣù 9 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọ́n ṣì ń jókòó síbẹ̀. Tírọ̀ irungbọ̀n ti wà lẹ́nu mi o.

Ìyá Dámi, Agúdà
Ha. Àárọ̀ yìí náà mo jókòó síbẹ̀, tèmi tàpótí.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà
Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà, oṣù 5 ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé àpótí kúrò.

Ìyá Dámi, Agúdà
Ẹ ṣé gan-an ni. Keppra ni lóòótọ́, Thursday la máa rí dókítà. Mo bi í, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó ní rárá, kò fẹ́ kú, pé ó kàn rẹ òun kí gbogbo ilé máa wo òun lójú ni. Ó wá ní ṣé òun lè dá lọ gẹrun ní ìkángun àdúgbò. Mo ní kó máa lọ. Mo dúró sójú fèrèsé, mi ò ní purọ́. Ìgbà tó dé, ó ti fá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àpá iṣẹ́ abẹ tá a ti ń fi fìlà bò látọjọ́ yìí wá hàn gbangba. Mo lanu, mo tún pa á dé.