Wọ́n pe 911, yàrá wo ni kí ọlọ́pàá wá?

Onífóònù: Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń tọ́jú fóònù òtẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì tàbí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, ẹ kó ohun tó máa ń bàjẹ́ nídìí 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, wá síbí. Òfin Kari ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù Kejìlá ọdún 2013, wọ́n pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Kari Hunt nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Marshall, Texas. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tẹ 911 lẹ́ẹ̀mẹrin, kò lọ, torí pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ 9 kí ìpè tó lè jáde síta. Ta ní í kọ́ ọmọdé ní ti 9? Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2018 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin náà. PBX (ẹ̀rọ tó so àwọn fóònù inú ilé kan pọ̀, tó ń darí ìpè wọn) tí wọ́n bá ṣe, tí wọ́n tà tàbí tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 16 oṣù Kejì 2020 gbọ́dọ̀ jẹ́ kí 911 lọ tààrà. Òfin yìí kò mú èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú, ibẹ̀ ló sì kù sí lójú tèmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí 911 lọ tààrà kì í ṣe wàhálà, ìlà kan péré ni nínú dial plan, ìyẹn ìlànà tí PBX fi ń darí nọ́ńbà tí èèyàn bá tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ 9911 kúrò o. Ẹni tí 9 ti mọ́ lọ́wọ́ á tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já, kí méjèèjì bá ibì kan náà lọ. Bí 9 bá jẹ́ nọ́ńbà ìjáde, tí 1 jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn, ẹni tí ìka rẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ 1 lẹ́ẹ̀mejì ti pe 911 nìyẹn. Ẹ yí nọ́ńbà ìjáde sí 8. Ẹni tó bá ṣì í pè kó má já a. Kó dúró, kó sọ pé àṣìṣe ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á pè padà tàbí kí wọ́n rán ọlọ́pàá.

Alábòójútó: Ìkìlọ̀ ńkọ́? Òfin kan náà ní kí PBX ta ẹnì kan lólobó lójú ẹsẹ̀: pé wọ́n ti pe 911, nọ́ńbà tí wọ́n lè pè padà, àti ibi tí ìpè ti wá. Àwọn kan á darí rẹ̀ sí ímeèlì máníjà tó ti lọ sílé láti aago márùn-ún. Ibi tí èèyàn á ti rí i tàbí gbọ́ ọ ni kẹ́ ẹ darí rẹ̀ sí. Lóru, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ló wà, tó sì lè máa ká táwẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn, ẹ fi aago tó ń dún sí i, kẹ́ ẹ tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀ṣọ́. Ìkìlọ̀ ni o! Kò ní kí ìpè kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ yín kọjá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ibi tí ìpè ti wá ló le jù. Abala 506 nínú òfin RAY BAUM'S, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, béèrè àdírẹ́sì tí wọ́n ti yẹ̀ wò, pẹ̀lú àjà àti nọ́ńbà yàrá tó bá yẹ: láti ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2021 fún fóònù tó dúró sójú kan, 2022 fún èyí tó ń rìn. Bí ìpè ẹ̀ka Atlanta bá ń gba Dallas jáde, Dallas ni 911 á dún sí. Bí ẹnì kan bá gbé fóònù láti àjà kejì lọ sí ìkeje, àdírẹ́sì á jókòó sí ìkejì. Ẹ so ó mọ́ ojú switch (àpótí tí wáyà àwọn fóònù ń wọ̀) tí wáyà rẹ̀ wọ̀, ẹ má so ó mọ́ fóònù. Kí àjà kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó bá pè padà má lọ pàdé “ẹ tẹ 1 fún yàrá, ẹ tẹ 2 fún oúnjẹ.”

Onífóònù: Báwo lẹ ṣe ń dán an wò?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ tẹ 933, nọ́ńbà ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìpè gba íntánẹ́ẹ̀tì ní in. Á ka nọ́ńbà àti àdírẹ́sì yín padà sí yín létí. Bí tiyín kò bá ní in, ẹ pe nọ́ńbà ibùdó 911 àdúgbò tí kì í ṣe ti pàjáwìrì, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí àkókò. Ẹ dán an wò láti àjà kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un ṣe bí wọ́n bá ti yí nǹkan padà. Kẹ́ ẹ sì fi bátìrì UPS sídìí switch, torí fóònù tó ń jẹ iná láti ibẹ̀ á kú bí iná bá lọ.