Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwa mẹ́rìnlá fẹ́ lọ, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ní ká fi ránṣẹ́

Akápò Ìgbìmọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú owó ìgbìmọ̀ ìjíhìnrere ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ìbàdàn. Láti oṣù kẹrin la ti ń dáwó fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́jọ lọ sí abúlé kan nítòsí Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, lọ́sẹ̀ kejì oṣù kìíní. Akọrin mẹ́fà, nọ́ọ̀sì méjì, ọ̀dọ́ mẹ́ta, Pásítọ̀, dírẹ́bà àti èmi: àwa mẹ́rìnlá nìyẹn. ₦2,700,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Bọ́ọ̀sì, oúnjẹ àti aṣọ ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ₦2,000,000 lọ nínú rẹ̀. Àpò òkìrìkà mọ́kànlá tí a fẹ́ lọ pín ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, eku sì ti ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba nọ́ńbà pásítọ̀ tó máa gbà wá lálejò, kí n lè bi wọ́n léèrè ibi tí a máa sùn sí. Bàbá náà gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Wọ́n kí mi, wọ́n kí ọkọ mi, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ẹran ọ̀sìn mi (mi ò sin ẹran). Ìgbà tó yá ni wọ́n wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Ìyá wa, aṣọ wà níbí, ó kún ọjà. Ẹni tó máa kọ́ àwọn olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ní Yorùbá kíkà là ń wá. Faransé ni wọ́n kà nílé ìwé. Wọ́n ń sọ Yorùbá, wọn ò lè kà á. Lọ́jọ́sí, ọ̀kan nínú wọn dìde níwájú àwọn ọmọdé, ó ka ọkọ̀ Nóà ní ọkọ Nóà. Ẹ bá mi wá èèyàn mẹ́ta tó lè jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́ lẹ́nu mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé. Pásítọ̀ wa ní iṣẹ́ ìhìnrere la fẹ́ lọ ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń darí akọrin. Wọ́n ti rán aṣọ tiwọn, àwọ̀ ewé, wọ́n sì ní mo ń dí iṣẹ́ Olúwa lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Ìsinmi yẹn, tí mo bá kí wọn, imú ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọdún méjì sẹ́yìn a lọ sí Togo. Àwòrán tí a yà níbẹ̀ kún fóònù mi títí dòní, àmọ́ mi ò rántí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ irú rẹ̀ rí, ṣé kí n dákẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀, àbí kí n tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde?

Dádì Mofẹ́

Madam, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, irú ìrìn yìí ni mo bá wọn lọ sí ìlú Niger. Orí ẹní la sùn, iyanrìn kún etí wa, mi ò gbọ́ èdè kankan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Ká ní wọ́n ti fi bírò ṣírò mi kúrò lórí ìwé nígbà yẹn ni, bóyá ẹsẹ̀ mi ì bá má tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lónìí.

Ìyàwó Ilé Tó Mọwó

Dádì Mofẹ́, ẹ kú ẹ̀rí o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nítorí tèmi tí mò ń lọ ni, owó àpò mi ló yẹ kí n fi lọ. Owó tí ìyá eléwé fi sápò ọrẹ pé ká fi ran àwọn ará Kétu lọ́wọ́, àwọn ará Kétu ló ni ín.

Ẹ̀yin Akápò, ìbéèrè kan: ṣé ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ yín nílé, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ tó gbé e dé ìpàdé?

Akápò Ìgbìmọ̀

Rárá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni.

Ìyàwó Ilé Tó Mọwó

Háà. Ẹ ò ì bá wí. Ìdí tí wọ́n fi ń fimú kí yín nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kétu rárá.

Ìyá Ìbejì, London

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tó ń gbàlejò, torí mo ti wà lápá ibẹ̀. Nígbà kan, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa níbí, mọ́kànlá, wá sí ìlú bàbá mi ní Ìjẹ̀bú fún ọjọ́ mẹ́wàá. Èmi ni mo ṣíwájú wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìjọ la sì dé sí. Inú wa dùn, a kọrin, a sunkún ìdágbére. Ọdún kejì, nígbà tí mo lọ sìnkú, ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tó sọ fún mi pé àwọn yá bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, àwọn ń ra omi tánkì lójoojúmọ́ nítorí àwọn ọmọ wa ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni méjì nínú wọn ò sì ṣí ìsọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nítorí wọ́n ń se oúnjẹ wa. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ? Wọ́n ní, "Àlejò là ń sọ ọ́ fún?"

Mẹ́rìnlá lọ́gbẹlẹ̀ oṣù kìíní, ní abúlé. Ẹ bi bàbá yẹn ibi tí omi wọn ti ń wá. Pé wọ́n tilẹ̀ la ẹnu sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún yín, oore ńlá ni, àwọn ìyá tiwa ò sọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì méjì yẹn ló kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di oògùn sínú bọ́ọ̀sì. Ìwé àṣẹ tí nọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò fún un láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn ní Benin. Ìjọba ibẹ̀ ò sì fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré. Ní 2017 ni wọ́n ya wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu, wọ́n kó oògùn ayédèrú níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Bí aṣọ́bodè bá rí páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ibà nínú ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ìwé kankan, ta ló máa gbọ́ pé fún ìhìnrere ni?

Ká tiẹ̀ sọ pé ẹ gbé e kọjá. Ẹ fún ìyá àgbàlagbà kan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ padà sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún ńkọ́? Tí nọ́ọ̀sì bá gbọ́dọ̀ lọ, kí pásítọ̀ ibẹ̀ kọ́kọ́ bá ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn yẹn.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò ni kẹ́ ẹ gbà á. Ẹni tó bá ti gbà á rí, tí káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, títí ayé ni.

Dírẹ́bà Ìdìròkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe oníṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀, àmọ́ ọ̀nà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Àyàfi ìgbà tí wọ́n ti ẹnubodè Ìdìròkó láti 2019 títí di 2022 ni mo sinmi. Ẹ gba Ìdìròkó bọ́ sí Igolo, kẹ́ ẹ gba Sákétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ dé Kétu. Ẹnì kan á sọ fún yín pé ọ̀nà Mẹ̀kọ gba Ìlárá yá jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tí wọ́n ti máa lu òǹtẹ̀ sí páṣípọ́ọ̀tù yín. Ọmọ ECOWAS ni wá, a ò nílò físà, a lè lo 90 ọjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tó nǹkan. Àìlu òǹtẹ̀ ló ń kó èèyàn sí wàhálà nígbà tó bá ń bọ̀.

Kí dírẹ́bà yín gba ìwé ìnṣọ́ránsì ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Kẹ́ ẹ ka sẹ́fà yín, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, lójú ẹni tó bá yín ṣẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀. Tí òkìrìkà bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ múra láti dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí ọjà ni àwọn aṣọ́bodè máa pè é.

Ọjọ́ Ẹtì kejì nínú oṣù kìíní àti Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ni jákèjádò Benin, ọdún Vodun, ti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ni. Ọ́fíìsì á tì. Ìlú á sì kún fún ìlù. Ẹ má lọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kojú wọn lọ́jọ́ méjì yẹn o, mo bẹ̀ yín.

Tí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò bá lọ, ẹ wò ó bóyá 01 ló ṣẹ́ kù. Láti ìparí oṣù kọkànlá 2024 ni wọ́n ti fi 01 ṣíwájú gbogbo nọ́ńbà àtijọ́, ó ti di díjíìtì mẹ́wàá.

Ọmọ Pọ́bẹ̀

Ará ibẹ̀ ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi kún ti bàbá yẹn, torí ẹ lè má mọ bí ìṣòro náà ṣe jìn tó. Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ yẹn ya ọ̀lẹ. Àwọn tó tilẹ̀ kọ́ Yorùbá kíkà lọ́dọ̀ wa, álífábẹ́ẹ̀tì èdè ilẹ̀ Benin ni wọ́n fi kọ́ wọn, ó ti wà láti 1975. Àwa kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ɛ ni à ń kọ fún ẹ, ɔ fún ọ, sh fún ṣ, kp sì ni p yín. Ẹni tó bá ti mọ "kpɛ̀lú", tó wá rí "pẹ̀lú" nínú Bíbélì tó ti Nàìjíríà wá, á kọ́kọ́ dúró. Yóò ka p yẹn bíi ti "papa" Faransé. Àwọn ọmọdé á rẹ́rìn-ín, á tijú, á ti Bíbélì Yorùbá pa, á gbé ti Faransé.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìlú Kétu ò sọ Yorùbá Ọ̀yọ́ tó wà nínú Bíbélì. Kétu ń sọ Kétu, àwa nítòsí Pọ́bẹ̀ ń sọ Ọ̀họ̀rí. Ẹni tó máa lọ kọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ máa sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe Yorùbá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn rí, ó dùn mí dé egungun.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ Pọ́bẹ̀, o ṣeun gan-an. Ní 1875 ni àwọn CMS, ìyẹn àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, jókòó l'Ékòó lórí ọ̀nà tí a ó gbà máa kọ Yorùbá, tí wọ́n sì fìdí àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà yìí múlẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà ni Benin yan tiwọn. Ìyàtọ̀ yẹn ò ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ fún ẹni tó ti mọ ɛ àti ɔ. Ẹ kọ méjèèjì síra lórí bọ́ọ̀dù, kí wọ́n máa dà á kọ.

Ohùn ló máa gba àsìkò. Bíbélì àtijọ́ kì í fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, òǹkàwé ló ń fi etí rẹ̀ kún un. Ọ̀nà tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni dò, re, mí. Ọkọ ìyàwó: re re. Ọkọ́ tí a fi ń roko: re mí. Ọkọ̀ Nóà: re dò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu kọ ọ́ lórin kí wọ́n tó fi bírò kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ orin kì í pẹ́ kọ́ ọ.

Ẹ bá mi sọ fún Pásítọ̀ yín pé iṣẹ́ tíṣà ni Àjàyí Crowther ṣe kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1853, ó ti Abẹ́òkúta lọ dé Kétu yìí kan náà, ṣáájú kí àwọn Dàhọ̀mì tó pa ìlú náà run ní 1886. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ gbé ìhìnrere débẹ̀.

Dádì Mofẹ́

Ọ̀rọ̀ omi tánkì yẹn mú mi o. Mi ò bi ẹni tó gbà wá lálejò nígbà yẹn rí.

Ìyàwó Ilé Tó Mọwó

Akápò, ṣé ẹ ka ohun tí Tíṣà kọ? Akọrin mẹ́fà lẹ ní. Ta ló mọ dò re mí nínú ìjọ yín ju ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lọ?

Akápò Ìgbìmọ̀ (ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin ará, mo lọ. Alẹ́ ni mo lọ, mo ra ọsàn dání. Mo kúnlẹ̀, ilẹ̀kẹ̀ ọrùn mi já, ó tú kálẹ̀, a jọ ń ṣà á lábẹ́ àga. Níbi tí a ti ń ṣà á ni mo ti fi fóònù mi sílẹ̀, tí ohùn bàbá Kétu ń lọ. Nígbà tó dé "ọkọ Nóà", ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n tún un gbé. Mi ò tiẹ̀ rántí pé ọdún méjìlá ni wọ́n fi kọ́ni ní pírámárì kí wọ́n tó lọ jókòó sí ìsọ̀.

Wọ́n ní àwọn máa lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akọrin kan á tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́. Aṣọ àwọ̀ ewé yẹn, wọ́n ní àwọn máa wọ̀ ọ́ dé Kétu, kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn jà.

Pásítọ̀ ò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fúnra wọn bá bàbá náà sọ̀rọ̀, wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Mo bá wọn wo nọ́ńbà náà lónìí: 01 ni wọn ò fi síwájú. Ó ti lọ báyìí. Inú yàrá ni wọ́n wà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú, mo ṣì ń gbọ́ "ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ."

Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ṣì ní ìwé tí ẹ fi ń kọ́ dò re mí yẹn, ẹ ya ojú ìwé rẹ̀ sí wa níbí. Ẹni tó bá sì mọ ohun tí èèyàn lè fi àpò òkìrìkà mọ́kànlá ṣe n'Ìbàdàn, kó tètè sọ, eku ń pọ̀ sí i.