Ẹ jọ̀ọ́, géèjì mélòó ló yẹ táyà Corolla?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò, ẹ gbà mí o. Corolla 2005 ni mò ń wà, 30 psi (ìyẹn géèjì afẹ́fẹ́ táyà) ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ṣùgbọ́n fọkanáísà àdúgbò wa kì í fẹ́ ẹ kéré sí 40, ó ní táyà tó bá rọ̀ ni kòtò máa ń bẹ́. 44 ló wà lára táyà fúnra ẹ̀, àmọ́ ṣebí ibi tí ò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn? Mo fẹ́ kó ẹbí láti Èkó lọ Ìbàdàn, ẹrù á kún bùùtù, oòrùn náà sì ń mú. Ṣé kí n fi díẹ̀ kún ti ẹ̀yìn ni àbí kí gbogbo ẹ̀ wà ní 30? Àárọ̀ kí táyà tó gbóná ni mo máa ń wọ̀n ọ́n o.