Syclone mi ń fò ní kọ́nà, ẹ gbà mí o

Ọlọ́kọ̀Dúdú: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Píkọ́ọ̀pù GMC Syclone 1991 ni mo ní, ọ̀kan nínú 2,995 tí wọ́n ṣe lọ́dún náà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá a! Eré rẹ̀ kò láfiwé, ṣùgbọ́n tó bá dé kọ́nà, ìdí rẹ̀ á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sítíárì á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti ra sway bar tó nípọn, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà. Mẹkáníìkì gba owó mi tán, ó ní bí píkọ́ọ̀pù ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣé kí n tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i ni?

Bàbá Jíà: Ẹ má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́ rárá. Láti iléeṣẹ́ ló ti wálẹ̀. Ẹ yọjú wo rọ́bà dúdú tó wà láàárín férémù àti irin tó mú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Tí orí rẹ̀ bá ti ń dán, àyè ti tán níbẹ̀, irin ń lu rọ́bà náà.

Ọmọ Lightning: Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, píkọ́ọ̀pù Ford Lightning 2001. Àpò iyanrìn ni mo kó sẹ́yìn, ó sì tòrò.

Bàbá Jíà: Iyanrìn kẹ̀? Páùn 500 péré ni wọ́n ní kí Syclone gbé. Ẹ má ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́.

Ìyá Táyà: Gbogbo àròyé yìí, ẹ ò sọ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀!

Ọlọ́kọ̀Dúdú: Mi ò ní gbé e ga o, ẹwà rẹ̀ nìyẹn. Mẹkáníìkì ti yọ rọ́bà yẹn kúrò. Táyà kò níṣòro, tuntun ni. 245/50 R16 ló wà níwájú. Ti ẹ̀yìn fi bí íǹṣì kan ga jù ú lọ, kó lè kún fẹ́ńdà dáadáa.

Ìyá Táyà: Ha! Ẹ̀gbọ́n, ẹ páàkì ọkọ̀ yẹn! Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn: agbára 35 nínú 100 ń lọ síwájú, 65 sẹ́yìn. Viscous coupling ló wà láàárín wọn, ohun tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn lè yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ díẹ̀. Táyà gíga ń yí díẹ̀, kúkúrú ń yí púpọ̀, coupling yẹn ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Á gbóná títí á fi gan.

Ọlọ́kọ̀Dúdú: Ṣé ìdí nìyẹn tó fi ń dúró gbọin tí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn, tí mo yí sítíárì tán? Mo rò pé búréèkì ló ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Táyà: Òun gan-an ni. Táyà mẹ́rin tó dọ́gba ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Bàbá Jíà: Kẹ́ ẹ sì dá rọ́bà yẹn padà.

Ọlọ́kọ̀Dúdú: Rọ́bà méjì àtijọ́ ṣì wà nínú gáréèjì. Mo ń lọ gbé jáàkì.