Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: máìkì wo ni kí n fi máa ká orin mi sílẹ̀ nínú yàrá? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́

Ẹni tó béèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Orin ni mò ń kọ, ohùn mi kì í sì í ròkè, jẹ́jẹ́ ni mo máa ń kọ ọ́. Fóònù ni mo fi ń ká a sílẹ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ó wá wù mí kí n ra máìkì gidi. Owó tó wà nílẹ̀ ò kọjá ti nǹkan kan tó dáa, bí mo bá sì ṣì í rà, ó dìgbà kí n tó tún rí òmíràn kó jọ.

Mo ní láptọ́ọ̀pù, mo ní headphone tó ń bo etí. Mi ò ní interface, àpótí kékeré tí wọ́n fi ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà. Yàrá tí mo ń sùn náà ni mo ti ń kọrin: ilẹ̀ rẹ̀ táìsì ni, kò sí nǹkan kan lára ògiri, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí títì. Àwọn kan ní condenser, irú máìkì tó ń lo iná, ni kí n rà torí pé òun ló ń gbé ohùn jáde kedere. Àwọn mìíràn ní SM58 ni. Ẹnì kan tún ní kí n wá máìkì USB, kí n yé da ara mi láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú níbẹ̀?

Ọmọ Onílù

SM58, ó parí. Láti 1966 ni Shure ti ń ṣe é, ó sì ṣì kún orí pèpéle títí dòní. Bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ, mú un nílẹ̀, máa bá orin ẹ lọ.

Ìyá Akọrin

Ọmọ Onílù, o ò tíì bi í léèrè ibi tó máa ki wáyà rẹ̀ bọ̀. SM58 ò ṣeé so mọ́ láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀. Wáyà máìkì oníhò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní XLR ló ń lò, interface ló sì máa gba ohùn yẹn kó tó lè wọ kọ̀ǹpútà. Tó bá fi máa ra interface, tó ra wáyà, tó ra stand, owó tó fọkàn sí ti lọ tán, kò tíì ra máìkì.

Àbúrò, kó o tó gbọ́ orúkọ máìkì kankan lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bá mi ṣe nǹkan kan. Dúró sáàárín yàrá yẹn, pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, kó dún dáadáa. Fetí sí ohun tó bá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ṣí wọ́dúróòbù tí aṣọ kún inú ẹ̀, kọjú sí i, tún pàtẹ́wọ́. Kó o wá fi fóònù ẹ ká orin kan náà níbi méjèèjì, kí fóònù má jìnnà sẹ́nu ẹ níbì kan ju ìkejì lọ. Sọ ohun tó o bá gbọ́ fún wa.

Ẹni tó béèrè

Mo ti ṣe é, mà. Láàárín yàrá, bí àtẹ́wọ́ náà ṣe dún tán ni nǹkan kan ń ké tín-ín-ín lẹ́yìn rẹ̀, bíi pé irin ń gbọ̀n. Níwájú aṣọ, "pà" lásán ni, ó sì kú síbẹ̀. Orin tí mo ká láàárín yàrá ń dún bí ẹni pé balùwẹ̀ ni mo wà. Èyí tí mo ká níwájú aṣọ mọ́ débi pé mo tún fóònù wò bóyá òun náà ni. Ẹnu yà mí gan-an.

Ìyá Akọrin

O ò rí i? Yàrá ló ń ba ohùn ẹ jẹ́, fóònù ló ń gba ẹ̀bi. Gbé condenser olówó ńlá sáàárín yàrá yẹn, wàá gbọ́ ògiri, wàá gbọ́ fáànù, wàá gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, gbogbo rẹ̀ á sì mọ́ kedere. Dynamic ni kó o rà, irú máìkì tí SM58 jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Onísítúdíò

Òótọ́ lẹ sọ, ìyá, ẹ jẹ́ kí n là á sí i díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kì í ṣe pé etí dynamic di sí ariwo yàrá. SM58 ti Shure tó jẹ́ dynamic àti AT2020 ti Audio-Technica tó jẹ́ condenser, cardioid ni àwọn méjèèjì: iwájú ni wọ́n ti ń gbọ́rọ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tẹ̀yìn. Gbé àwọn méjèèjì síbi kan náà, ìró yàrá tó máa bá ohùn ẹ wọlé ò ní yàtọ̀ púpọ̀. Ohun tó ń gba dynamic là ni pé a máa ń fẹnu sún mọ́ ọn. Bó o bá kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 20 bọ́ sí 10, ohùn ẹ á fi bíi 6 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ìró) lágbára sí i, ìró tó ń ta padà lára ògiri á sì wà níbi tó wà. Ìyẹn ni gbogbo àṣírí rẹ̀.

Àmọ́ bó o bá sún mọ́ cardioid jù, ohùn ìsàlẹ̀ á máa wú. Ohùn jẹ́jẹ́ máa ń jàǹfààní ẹ̀, ó ń jẹ́ kó kún. Tó bá ti wá ń dún wúwo, sún sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kó o gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz, ìyẹn ìró tó rẹlẹ̀ gan-an, kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa SM58 fún ẹ ni pé agbára iná tó ń jáde lára ẹ̀ kéré. Ẹni tó ń kọrin jẹ́jẹ́ á ní láti yí gain, ìyẹn ohun tó ń mú ohùn máìkì lágbára sí i, sókè gan-an, interface tí ò dáa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣíì lábẹ́ orin. SM7B, dynamic mìíràn ti Shure táwọn èèyàn ń rí nínú fídíò, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ tó 60 dB gain. Gbàgbé ìyẹn ná.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ nípa àwọn condenser olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó sínú páálí kan pọ̀ mọ́ stand àti pop filter (asẹ́ tó ń dí atẹ́gùn ẹnu), tí ẹnu wáyà wọn rí bíi ti earpiece. Condenser oní-XLR tòótọ́ ń fẹ́ phantom power, ìyẹn iná 48 V, ihò earpiece ara láptọ́ọ̀pù ò sì lè fún un nírú iná yẹn. Má ra irú rẹ̀.

Èmi á ní kó o mú Samson Q2U tàbí ATR2100x-USB ti Audio-Technica. Dynamic ni wọ́n. USB wà nídìí wọn, XLR náà wà níbẹ̀: lónìí wàá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, lọ́jọ́ tó o bá ra interface, máìkì yẹn náà ni wàá máa lò lọ. Ihò headphone tún wà lára wọn, wàá máa gbọ́ ohùn ara ẹ bó o ṣe ń kọ ọ́, láìsí pé ó ń pẹ́ kó tó dé etí.

Akọrin Jẹ́jẹ́

Ẹ máà bínú, mo fẹ́ gbè sẹ́yìn condenser díẹ̀. Irú ohùn yìí lèmi náà ní. Lórí dynamic, èémí mi àti ìparí ọ̀rọ̀ máa ń kú, wọn kì í tàn. AT2020 ni mo ń lò báyìí, mo sì ta aṣọ yí ara mi ká. Ariwo tó ń ti inú òun fúnra rẹ̀ wá jẹ́ 20 dB, nígbà tí ti NT1, condenser tí Rode ń ṣe, ò ju 5 dB lọ, síbẹ̀ ó tẹ́ mi lọ́rùn. Tí òru bá ń pa rọ́rọ́ lọ́dọ̀ ẹ, tó o sì ní aṣọ tó nípọn, fọkàn sí i fún ọjọ́ iwájú. Interface tó ń béèrè fún ni ìṣòro, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an ni. Q2U ni màá rà, màá sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra stand. Mo ní kúbùsù nípọn méjì. Ṣé ẹ̀yìn máìkì ni kí n ta wọ́n sí? Ibẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ta nǹkan sí.

Ẹ̀gbọ́n Onísítúdíò

Ẹ̀yìn ara ẹ ni kí àkọ́kọ́ wà. Ìwọ ni máìkì kọjú sí, nítorí náà ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ ló ń gbọ́ jù. Ta ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ògiri bá ti sún mọ́ ẹ jù. Kó o jẹ́ kí ẹ̀yìn máìkì kọjú sí fèrèsé, torí ibẹ̀ ni ò ti ní gbọ́ títì dáadáa. Tó o bá ti ń ká a, má jẹ́ kí ibi tí ohùn ẹ ti lọ sókè jù kọjá -12 dB lórí ìwọ̀n tó wà lójú kọ̀ǹpútà. O lè fi Audacity ṣe é, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ká ohùn sílẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyá Akọrin

Má gbàgbé pop filter o. Gbé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ síwájú ẹnu, kó o pe "bàbá" àti "fèrè", wàá rí bí atẹ́gùn ṣe ń gbá a. Atẹ́gùn yẹn ló máa ń dún "bùù" nínú máìkì. Tí kò bá tíì sówó ẹ̀, gbé máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀, kó wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ọ, kí orí ẹ̀ ṣì kọjú sẹ́nu ẹ: ohùn á wọlé, atẹ́gùn á gba iwájú kọjá. Ká orin kan báyìí kó o fi ránṣẹ́ síbí, a máa gbọ́ ọ.