Súìṣì iná ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ń gbóná: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ra ọkọ̀ akẹ́rù oko kan, Ford 1951. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n iná iwájú ẹ̀ ò sàn ju àbẹ́là lọ, súìṣì sì máa ń gbóná bí mo bá tàn án pẹ́. Aṣọ tí wọ́n fi bo wáyà ti gbó, ó ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n kàn ra súìṣì tuntun ni?

Bọ̀dá Rìwáyà: Àbúrò, má tíì náwó. Súìṣì tó ń gbóná lè má tíì bàjẹ́. Bátìrì volt 6 ni Ford ìgbà yẹn ń lò, orí positive ni wọ́n sì so mọ́ irin ọkọ̀. 1956 ni wọ́n tó bọ́ sí volt 12. Kọ́kọ́ wo bátìrì ẹ dáadáa, bóyá ẹni tó lò ó ṣáájú ẹ ti yí i padà.

Ìdí tí mo fi ń pariwo volt nìyí: gílóòbù watt 45 lórí volt 6 ń fa amp 7.5 (amp ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà). Lórí volt 12, ìdajì ẹ̀ ni. Tí gílóòbù iwájú méjèèjì bá tàn lórí volt 6, amp 15 ló ń gba inú súìṣì kékeré yẹn kọjá. Wáyà tínrín ò lè gbé e. Gauge 12 ni kí o lò ó kéré tán, 10 dáa jù ú lọ: bí nọ́ńbà gauge bá ṣe kéré sí ni wáyà ṣe nípọn sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Àbúrò, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, tú wáyà tó ti orí bátìrì lọ sí irin ọkọ̀. Tìẹ, positive nìyẹn, má fi ti ọkọ̀ òde òní ṣe é. Ya fọ́tò ẹ̀yìn súìṣì, lẹ téèpù tó ní orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà rárá, gbogbo ẹ̀ á ti di àwọ̀ ìdọ̀tí.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ ṣé, mà. Bọ̀dá, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí iná ti ń sọnù?

Bọ̀dá Rìwáyà: Dá wáyà bátìrì padà, tan iná. Fi ẹsẹ̀ multimeter (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná) kan sórí negative bátìrì, ìkejì sí ibi tí wáyà ti wọ gílóòbù. Tó bá ju ìdajì volt lọ, iná ń sọnù lọ́nà. Wá máa bọ̀ sẹ́yìn: dimmer tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀ láti gbé iná iwájú sókè tàbí sílẹ̀, lẹ́yìn náà súìṣì. Ibi tí òǹkà bá ti já wálẹ̀ lójijì, ọ̀nà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kọjá yẹn ni olè wà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ìhà earth náà (ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá lára irin ọkọ̀), láti ara iná sí positive. Ọ̀dà àti ìpẹtà ló máa ń dínà níbẹ̀, fi sandpaper họ ọ́ títí irin á fi hàn.

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo ti wọ̀n ọ́n. Earth ò burú, dimmer náà ò burú. Ibi tí wáyà bátìrì ti wọ súìṣì ni. Skúrù ẹ̀ ti dẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé sì ti bò ó.

Bọ̀dá Rìwáyà: Ibi tó ń gbóná gan-an nìyẹn. Nu ún, pààrọ̀ ẹnu wáyà, di skúrù náà le. Súìṣì ẹ ò lẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o fi relay volt 6 (súìṣì tí iná kékeré ń tan, tó sì ń gbé iná ńlá) gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ẹnu relay: 30 láti bátìrì, kí fíùsì wà nítòsí bátìrì, 87 lọ sí dimmer, 86 láti súìṣì, 85 sí irin ọkọ̀. Má ra relay tó ní diode nínú (diode kì í jẹ́ kí iná gba ju ọ̀nà kan lọ), torí positive ni wọ́n so mọ́ irin ọkọ̀ ẹ.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ṣé kí n má kúkú yí gbogbo ẹ̀ sí volt 12?

Ìyá Ìbejì: Kí o wá pààrọ̀ gbogbo gílóòbù, òǹwò epo, fèrè àti ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára? Fi sílẹ̀ jàre.

Bọ̀dá Rìwáyà: Mo gbà pẹ̀lú yín, mà. Àbúrò, ibi tí wáyà tuntun ti máa la irin kọjá sí iwájú ẹ́ńjìnì, fi òrùka rọ́bà sí i.