Àwọ̀ pósítà etíkun wa kì í bára mu: kí la lè ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin atẹ̀wé àti ayàwòrán. Pósítà ìlú etíkun là ń tẹ̀ ní Ìlọrin níbí, irú ti àtijọ́, bí èyí tí John Hassall yà ní 1908 fún rélùwéè Great Northern nípa Skegness, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: apẹja sísanra tó ń fò létí òkun, àwọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́tà gàdàgbà. Àgbádárìgì la yà sí tiwa: òkun, iyanrìn, igi àgbọn, ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Síkíríìnì, ìyẹn àwọ̀n tí a ń ti íǹkì gba ojú rẹ̀ sórí bébà, la fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ mẹ́rin, bébà A2 oní gíráàmù 250, íǹkì olómi. Àwọ̀ iyanrìn ló ń ṣáájú, dúdú ló ń kẹ́yìn.

Ibi tó ti ń dà rú ni àwọ̀ kẹta. Ọyẹ́ ń gbẹ bébà, ó ń sún kì. Íǹkì olómi tún ń mú un wú. Funfun tín-ín-rín bí irun á wá yọ láàárín imọ̀ ọ̀pẹ àgbọn àti ojú ọ̀run. A jẹ́ kí àwọ̀ gun ara wọn ní ìdajì mìlímítà, kò tó. A sọ ọ́ di mìlímítà kan, ìlà ṣíṣú bá hàn níbi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, ẹwà rẹ̀ sì bàjẹ́ pátápátá.

Ṣé kí á máa tú bébà sílẹ̀ nínú yàrá ìtẹ̀wé fún ọjọ́ méjì kó tó kan íǹkì? Àbí íǹkì olóróró ló máa yanjú ẹ̀? Ẹ tún gbà wá lórí èyí: íǹkì ń gbẹ mọ́ ojú àwọ̀n. A ti fi oògùn tó ń dá gbígbẹ dúró sí i, ìdá 5 nínú 100. Ṣé ó ṣeé fi kún láìjẹ́ pé bébà á máa lẹ̀ mọ́ra? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ iye tí ẹ ń lò.